Ìyá ní Kòrónà, ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ṣé kó máa fún un lọ́mú, báwo ló sì ṣe máa ṣe é?

Ọ̀rẹ́-Abiyamọ béèrè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọmú. Ìbéèrè mi ju ẹyọ kan lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.

Láti ọdún 2020 tí Kòrónà ti dé, ohùn àwọn èèyàn ò ṣọ̀kan lórí ìyá tó bímọ tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé àrùn náà wà lára rẹ̀. Àwọn kan ní kó jìnnà sí ọmọ, kó máa fún omi ọmú dànù títí ara rẹ̀ á fi dá. Àwọn kan ní kó máa fi sánítáísà nu orí ọmú kó tó gbé e sí ọmọ lẹ́nu. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí ikọ́ ń bá fínra, tí wọn ò jẹ́ kí ìyá tó bí i pàápàá wọlé wá ràn án lọ́wọ́, èwo ni kó mú nínú gbogbo rẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyí: ṣé àrùn yìí máa ń gba inú omi ọmú dé ara ọmọ? Tí ìyá bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú láì kó o ràn án, kí ni kó ṣe kọ́kọ́, kí ló máa tẹ̀ lé e? Tí wọ́n bá sì ti ya ìyá sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, kí ni wọ́n á ṣe tí ọmú ò fi ní gbẹ? Ẹ bá mi sọ iye, ẹ bá mi sọ wákàtí, torí "kó ṣáà máa ṣọ́ra" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láàárín òru.

Agbẹ̀bí-Àgbà:

Ẹ kú ìbéèrè o. Kí ọkàn ìyá náà kọ́kọ́ balẹ̀: ọmú kọ́ ni àrùn yìí ń gbà ran ọmọ. Èémí tí ìyá ń mí síta, itọ́ wínníwínní tó ń fò jáde tó bá wúkọ́ tàbí tó bá sín, àti ọwọ́ tó fi nu imú tó tún fi kan ojú ọmọ, ibẹ̀ ni ewu wà. Imú, ẹnu àti ọwọ́ ni ká máa ṣọ́.

Wọ́n ti yẹ omi ọmú àwọn ìyá tó ní Kòrónà wò dáadáa. Nínú ti àwọn díẹ̀, àyẹ̀wò rí àwókù kòkòrò náà, ìyẹn RNA rẹ̀. Àmọ́ àwókù yàtọ̀ sí kòkòrò tó wà láàyè. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti mú un dàgbà nínú yàrá àyẹ̀wò, kò hù. Ohun tó wà níbẹ̀ tó sì wúlò fún ọmọ ni èròjà agbóguntàrùn tí ara ìyá ti ṣe, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní IgA, tó máa ń bo ojú ọ̀fun àti ìfun ọmọ bí ẹ̀ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi sọ ní 2020 pé kí ìyá tó ní àrùn náà, tàbí tí wọ́n fura sí, máa fún ọmọ lọ́mú lọ, kí wọ́n gbé ọmọ lé e láyà, ara kan ara, kí ìyá àti ọmọ sì jọ wà nínú yàrá kan náà tọ̀sán-tòru. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n ti yí i padà pé kí wọ́n jọ máa gbé. Ibẹ̀ ni àwọn ìmọ̀ràn tó ń ta kora yẹn ti wá. Ti àtẹ̀yìnwá ni àwọn kan ṣì dì mú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ìgbà kan ṣoṣo tó fẹ́ fún ọmọ lọ́mú, ká sì tẹ̀ lé e.

Ọmọ ń sunkún. Kó má tíì sáré gbé e. Kó fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60: àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná, àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an la fi ń gbé ọmú sí ọmọ lẹ́nu. Bí omi bá jìnnà, sánítáísà tí ọtí inú rẹ̀ kò dín ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún á ṣe é, kó fi ra ọwọ́ títí á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kó wọ ìbòmú, kó tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí rẹ̀ mọ́ igi imú, kó fà á kọjá àgbọ̀n. Nígbà tó ti fọwọ́ kan ojú báyìí, kó tún ọwọ́ fọ̀. Ìfọwọ́ kejì yìí ni wọ́n máa ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Kó wá gbé ọmọ. Láti ìgbà yìí lọ, kó má fọwọ́ kan iwájú ìbòmú mọ́, kó má sì mú fóònù. Fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí láti àárọ̀, tó ti wúkọ́ sí, tó ti fi sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ bọ́ sí ọwọ́ tó ń gbé ọmú. Tí ìpè bá dé, kó jẹ́ kó dún. Bí ìbòmú bá ti tutù fún itọ́ tàbí òógùn, kò ṣiṣẹ́ mọ́: kó di okùn etí rẹ̀ mú, kó bọ́ ọ, kó fọ ọwọ́, kó wọ òmíràn. Bí kò bá ní ìbòmú rárá ńkọ́? Kó ṣì fún ọmọ lọ́mú. Kó wá aṣọ mímọ́ bo imú àti ẹnu, kó sì máa yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá fẹ́ wúkọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ wọ ìbòmú fún ọmọ ọwọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò lè fa á kúrò lójú tí èémí bá há mọ́ ọn.

Ní ti ọmú fúnra rẹ̀, kò sí ìdí láti máa fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ mu. Ó di ìgbà tó bá wúkọ́ sórí ọmú tàbí àyà tó wà ní gbangba kó tó fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Sánítáísà lórí ọmú, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Àwọn kókó kéékèèké tó wà ní àyíká dúdú orí ọmú máa ń sun òróró tó ń jẹ́ kí awọ ibẹ̀ rọ̀. Ọtí á gbẹ òróró yẹn dànù, awọ á sán, ọmọ á máa mu ọmú tó ti la, ìyá á máa ké. Ìrora yẹn ti gba ọmú lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ.

Bó bá ti rẹ̀ ẹ́ jù láti jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ọmọ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kọjú sí i, ikùn kan ikùn. Àmọ́ ìyá tí ibà ń ṣe lè sùn lọ láìmọ̀. Kí ẹnì kan tí ara rẹ̀ dá, tó fọwọ́, tó wọ ìbòmú, wà lójúfò nítòsí, kó gbé ọmọ sínú ibùsùn tirẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Kí ibùsùn yẹn jìnnà tó mítà 1 ó kéré tán sí ìrọ̀rí ìyá, mítà 2 bí yàrá bá gbà á, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí.

Ìyá-Àkànbí:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá wa. Mo gbọ́ pé tí ìyá bá fún omi ọmú sínú ife, kó gbé e kaná kó hó díẹ̀ kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ṣé ìyẹn ò dáa ju ká máa retí pé kò sí nǹkan níbẹ̀?

Alámọ̀ràn-Ọmú:

Ìyá Àkànbí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e kaná o. Àwọn ilé ìkó-omi-ọmú-sí, níbi tí omi ọmú ìyá kan ti ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹlòmíràn, ní ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná dé ìwọ̀n 62.5 Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gééré, wọ́n á sì mú un tutù kíákíá. Ìyẹn ń pa kòkòrò Kòrónà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi ọmú ìyá sí ọmọ tirẹ̀ kò nílò rẹ̀, torí kòkòrò tó wà láàyè kọ́ ló wà níbẹ̀. Tó bá hó lórí iná, agbóguntàrùn tí agbẹ̀bí ṣàlàyé lókè yẹn á bàjẹ́, ohun tó yẹ kó dáàbò bo ọmọ á sì wá di oúnjẹ lásán.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú apá tí wọ́n ti ya ìyá sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ọmú ti ń gbẹ jù, ìbẹ̀rù sì kọ́ ló ń gbẹ ẹ́. Bí ọmú ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ohun tí wọ́n bá kó jáde ni ara ń fi òmíràn dípò. Bí omi bá dúró sínú ọmú, èròjà kan wà nínú omi náà tó ń sọ fún ara pé ó ti tó. Tó bá dúró ọjọ́ méjì, mẹ́ta, ara á gbọ́. Ìyá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 10 tí kò fún ọmú, ọmọ tó máa bá nílé á kọjú sí ọmú tó ti ń palẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, láàárín wákàtí kìíní sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí, ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ọmú. Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, kò nílò pọ́ńpù. Omi ọmú àkọ́kọ́ ki, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì kéré. Pọ́ńpù á kàn fi í pa ara ike ni, kò ní ṣẹ́ kù. Ọwọ́ ló ń mú un wá.

Kó fọ ọwọ́, kó wọ ìbòmú, kó jókòó kó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Kó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ pa ọmú yíká fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Kó gbé ṣíbí mímọ́ tàbí ife ẹlẹ́nu gbòòrò sábẹ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò lókè, ìka tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, bí lẹ́tà C, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí ìdí orí ọmú. Kó ti ọwọ́ náà sẹ́yìn sí ọ̀nà egungun àyà. Kó wá fún àtàǹpàkò àti ìka pọ̀. Kó tú u. Tì, fún, tú. Tì, fún, tú, bí ọmọ ṣe máa ń fà á. Ìka kò gbọdọ̀ máa yọ̀ lórí awọ, ìyẹn ló ń bó ara. Kò sì gbọdọ̀ fún orí ọmú gan-an, torí kò sí omi nínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Bó bá ń dùn ún, ọwọ́ ti sún mọ́ orí ọmú jù tàbí agbára ti pọ̀ jù.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ìṣẹ́jú kan sí méjì lè kọjá kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó yọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé "kò sí nǹkan níbẹ̀," tí wọ́n á sì dá ọwọ́ dúró. Kó má dá a dúró. Ẹ̀kán kan á yọ, á dúró sórí ọmú bí ìrì, òmíràn á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà á máa ro. Bí ríro rẹ̀ bá dín kù, kó sún ọwọ́ yíká kó lè dé gbogbo ibi tí omi wà. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 lápá kan, kó bọ́ sí èkejì, kó tún padà. Gbogbo rẹ̀ á gba ìṣẹ́jú 20 sí 30. Kó ṣe é ní ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, kó má sì jẹ́ kí òru kọjá láìṣe é, torí òru ni prolactin, èròjà ara tó ń pàṣẹ pé kí omi ọmú wá, máa ń ga jù. Bó bá fẹ́ sùn, kó sùn wákàtí 4 tàbí 5 gééré lẹ́ẹ̀kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ó bá rí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ṣíbí tíì kan, ìyẹn mìlílítà 5, ní ọjọ́ kìíní, kó má sunkún. Ọmọ ọjọ́ kan kì í mu ju mìlílítà 2 sí 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kejì ó di 5 sí 15, ní ọjọ́ kẹta 15 sí 30, ní ọjọ́ kẹrin 30 sí 60. Láti ọjọ́ kẹta omi á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ìgbà yẹn ni pọ́ńpù wúlò. Kí ó rí i pé ẹnu ike rẹ̀ bá òun mu: orí ọmú gbọ́dọ̀ lè lọ kó bọ̀ láì ha mọ́ ara ike, àyíká dúdú ò sì gbọdọ̀ wọlé púpọ̀. Kó má fa á le ju ibi tí ara gbà lọ. Ìrora máa ń dá omi dúró ni. Lẹ́yìn pọ́ńpù, kó tún fi ọwọ́ fún un ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kì í kéré. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá fi pé, kó máa rí mìlílítà 500 sí 750 láàárín wákàtí 24.

Ìtọ́jú omi náà: nínú yàrá tí kò gbóná ju ìwọ̀n 25 Celsius lọ, wákàtí 4. Nínú kúlà tó ní yìnyín dídì, wákàtí 24. Nínú fìríìjì, ọjọ́ 4, ní ẹ̀yìn pátápátá, kì í ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì. Nínú fìrísà, oṣù 6 ló dára jù. Kó fi àyè sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ lókè ike torí ó máa ń wú tó bá dì, kó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára. Èyí tó ti yọ́, wákàtí 24 nínú fìríìjì, kò sì gbọdọ̀ padà sínú fìrísà. Bí Kòrónà bá wà lára ìyá, ẹni tó bá wá gbà á lẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ nu ara ike náà kó tó gbé e wọlé, torí ọwọ́ ìyá ló fi gbé e jáde.

Tí ilé ìwòsàn bá fẹ́ fi ìgò ọlọ́mú rọ́bà fún ọmọ, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lo ife kékeré. Ọmọ á jókòó dìde lórí itan ẹni náà, kó jí dáadáa. Ife á kún dé ìdajì, ètè rẹ̀ á kàn jókòó lórí ètè ìsàlẹ̀ ọmọ, omi á sì kan ètè òkè díẹ̀. Kí wọ́n má dà á sí i lẹ́nu. Ọmọ fúnra rẹ̀ á yọ ahọ́n lá a. Ìdà-sẹ́nu ló ń jẹ́ kí omi gba ọ̀nà èémí ọmọ.

Nọ́ọ̀sì-Ọmọdé:

Alámọ̀ràn, ẹ kú làálàá. Èmi á kàn fi ọ̀rọ̀ ibà àti oògùn kún un.

Ibà nínú ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kì í ṣe Kòrónà nígbà gbogbo. Ẹ kọ́kọ́ wo ọmú. Bí ọmú méjèèjì bá kún, tó le, ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, omi ló ń dé. Kó máa fún ọmọ lọ́mú, kó máa fi aṣọ tútù lé e lẹ́yìn oúnjẹ. Tí ọmú bá le tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ò fi lè gbá a mú, kó fi orí ìka tẹ àyíká orí ọmú sínú fún ìṣẹ́jú kan, á rọ̀. Àmọ́ bí apá kan bá pọ́n, tó gbóná, tó dun ún, tí ibà sì wọlé lójijì bíi ti ọ̀fìnkìn líle, ọmú wíwú nìyẹn. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni pé kí wọ́n fún un gan-an títí á fi ṣófo, kí wọ́n sì máa fi ipá wọ́ ọ. Wọ́n ti rí i pé ìyẹn ń mú un wú sí i. Kí ọmọ mu iye tó máa ń mu, kí ìyá lo nǹkan tútù, kó sì lo ibuprofen bí inú rẹ̀ bá gbà á. Bí wákàtí 24 bá kọjá tí kò rọ̀, dókítà ló kàn, ó lè nílò oògùn apakòkòrò. Ní àkókò Kòrónà àwọn ìyá máa ń fi irú ibà yìí pamọ́ sílé, wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, ọmú á sì di oówo tó nílò fífà. Kí wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù fún dókítà gan-an bó ṣe rí: "ibà wà, ọmú òsì pọ́n lápá òkè." Gbólóhùn yẹn nìkan á yí ìtọ́jú wọn padà.

Paracetamol bá ọmú lọ: 1,000 mg lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán wákàtí 4 láàárín, kò gbọdọ̀ kọjá 4,000 mg láàárín wákàtí 24. Kó ka ẹ̀yìn gbogbo oògùn ọ̀fìnkìn tó bá rà, torí paracetamol máa ń wà nínú wọn náà. Ibuprofen náà kò burú, lẹ́yìn oúnjẹ. Aspirin, rárá. Codeine fún ikọ́, rárá: ara àwọn ìyá kan máa ń sọ ọ́ di morphine púpọ̀, ọmọ á wá máa sùn jù, èémí rẹ̀ á sì máa fà. Èyí tí kì í wá síni lọ́kàn ni pseudoephedrine, tó wà nínú oògùn imú dídí. Nínú ìwádìí kan ní 2003, 60 mg lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dín omi ọmú ọjọ́ kan kù ní ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá tó ti ń làkàkà kí omi wá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọmọ ńkọ́? Ìlédìí ni kẹ́ ẹ kà. Ọjọ́ kìíní, ó kéré tán ìtọ̀ kan. Ọjọ́ kejì, méjì. Láti ọjọ́ karùn-ún, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 24. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà á máa di àwọ̀ ewé, á sì di yẹ́lò nígbà tó bá di ọjọ́ karùn-ún. Ọmọ tuntun máa ń fọn díẹ̀. Tí ohun tó bù kúrò bá ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ìbí rẹ̀ lọ, tàbí tí kò tíì padà sí ìwọ̀n ìbí ní ọjọ́ 14, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ń mí sáré, tí ètè rẹ̀ ṣú, tí ó kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, tàbí tí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 gbóná dé ìwọ̀n 38 Celsius, kí wọ́n máa gbé e lọ. Kì í ṣe ohun tí à ń dúró di àárọ̀ fún.

Ọ̀rẹ́-Abiyamọ:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á san án fún yín. Ẹ jẹ́ kí n tún béèrè kan. Ká ní wọ́n ti yà wọ́n, tí kò sí ẹni tó sọ gbogbo èyí fún ìyá. Ọjọ́ 10 pé, ó délé, omi ọmú ti kéré, ọmọ ti mọ ìgò mílíìkì agolo, ó sì ń ké tí wọ́n bá gbé ọmú sí i lẹ́nu. Ṣé ọ̀rọ̀ ti bọ́ nìyẹn?

Alámọ̀ràn-Ọmú:

Kò tíì bọ́ o. Ọmọ ọjọ́ 10 ṣì ń wá ọmú, ọmú náà ṣì ń gbọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa gbà, iṣẹ́ sì wà níbẹ̀.

Kó bọ́ aṣọ ọmọ sílẹ̀ ku ìlédìí, kó gbé e lé àyà rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, kó fi aṣọ bo ẹ̀yìn ọmọ, imú ọmọ wà ní gbangba. Kó ṣe é fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́ láì fi ipá gbé ọmú sí i lẹ́nu. Ìgbà tí ọmọ ń tòògbé, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí ebi ò tíì pa á gan-an, ni kó fi ọmú lọ̀ ọ́. Ọmọ tó ti ń ké kò lè kọ́ nǹkan tuntun. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á dúró di ìgbà tí ebi bá pa á dójú ikú "kó lè gbà á," ọmọ á wá mú ìbínú ebi yẹn mọ́ ọmú. Kó fún ẹ̀kán díẹ̀ sí orí ọmú kó tó gbé e sún mọ́ ọn, òórùn rẹ̀ nìkan ń ṣiṣẹ́.

Ìgò ń dà sẹ́nu lójú ẹsẹ̀, ọmú máa ń gba ìṣẹ́jú kan kó tó ro; ìyẹn ló ń bí ọmọ nínú. Ọ̀nà tó dára ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi èyí tí wọ́n fi ń fún ọmọ lóúnjẹ ní ilé ìwòsàn: orí kan nínú ife omi ọmú tàbí mílíìkì, orí kejì ní ẹ̀gbẹ́ orí ọmú, tí wọ́n fi pílásítà lẹ̀ mọ́ awọ. Bí ọmọ ṣe ń fa ọmú ni oúnjẹ ń gba rọ́bà wọlé, ọmú náà sì ń gbọ́ pé wọ́n nílò òun. Gbígbé ife sókè máa ń mú un yá, gbígbé e sílẹ̀ máa ń mú un fà. Fi omi àti ọṣẹ fọ rọ́bà náà lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ò bá sì tíì gbà á, kí ìyá máa fún ọmú ní ìgbà 8 sí 12 bí mo ṣe kọ ọ́ lókè.

Kí wọ́n má ṣe ṣàdédé gba mílíìkì agolo lẹ́nu ọmọ. Bí omi ọmú bá ti ń wá, kí wọ́n bu nǹkan bíi mìlílítà 50 kúrò nínú àpapọ̀ ti wákàtí 24, kí wọ́n wo ọmọ fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tó tún bù. Ìtọ̀ mẹ́fà lójúmọ́, àti ìwọ̀n tó ń fi gíráàmù 125 ga sí i lọ́sẹ̀ ó kéré tán, ló ń sọ pé ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ síwájú.

Mo ní láti sọ èyí nítorí mílíìkì agolo wọ́n, ó sì há lọ́pọ̀ ibi nígbà àjàkálẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pò ó fẹ́lẹ́ kó lè pẹ́. Omi tó pọ̀ jù á fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ nù, gìrì á sì mú un. Omi tó hó ni, kí wọ́n má jẹ́ kó tutù ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kó lè wà ní ìwọ̀n 70 Celsius sókè. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun, ṣíbí inú agolo náà, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba. Kí wọ́n mú un tutù kí ọmọ tó mu. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 2, kí wọ́n dà á nù.

Ìyá-Àkànbí:

Mo ti gbọ́, mi ò ní sọ ti gbígbé e kaná mọ́. Ẹ dákun, abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Tí ìyá bá gbà á, ọjọ́ mélòó ni kó fi dá ọmú dúró?

Agbẹ̀bí-Àgbà:

Ọjọ́ kankan kọ́. Ohun tó fa ìbẹ̀rù yẹn ni pé wọn ò fi àwọn ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú sínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn abẹ́rẹ́ yẹn ní 2020. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàyẹ̀wò omi ọmú àwọn ìyá tó gbà á, tí wọ́n sì rí àwọn agbóguntàrùn IgG àti IgA níbẹ̀. Apá ìyá lè dùn ún, ara rẹ̀ lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Paracetamol tí Nọ́ọ̀sì sọ lókè ti tó. Kó má da omi ọmú kankan nù. Agbóguntàrùn tí ọmọ rí nínú ọmú, àyálò ni. Bó bá ti dá ọmú dúró, á lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́. Ní Britain ní 2020, wọ́n bi ìyá 1,219 léèrè bí ìséde ṣe kan fífún ọmọ lọ́mú. Ìdá 41.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ó dáàbò bo àwọn: kò sí àlejò, àyè wà, ilé pa rọ́rọ́. Ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìnira ló bá àwọn torí kò sí ẹni tó lè wá wò wọ́n. Àwọn ìdá 27 yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìmọ̀ràn ẹnu ò tó fún ìyá tí ọmọ ò gbá ọmú mú dáadáa, ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ ní láti rí i.

Tó bá jẹ́ orí fídíò ni wọ́n fẹ́ ti ràn án lọ́wọ́, kí ìyá má fi ọwọ́ di fóònù mú. Kó gbé e ti nǹkan, kó ga tó ọmú, ní ẹ̀gbẹ́ tí àgbọ̀n ọmọ wà, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà lẹ́yìn fóònù, kì í ṣe lẹ́yìn ìyá. Kó pe alámọ̀ràn kí ebi tó pa ọmọ, kí wọ́n lè rí i láti ìbẹ̀rẹ̀: bó ṣe la ẹnu, bóyá ètè ìsàlẹ̀ yí síta, bóyá àgbọ̀n wọ inú ọmú, bóyá àyíká dúdú hàn lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà kí gbogbo ilé dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí alámọ̀ràn lè gbọ́ bóyá ọmọ ń gbé e mì tàbí ó kàn ń fà á lásán. Nígbà tí ọmọ bá fi ọmú sílẹ̀, kí ìyá sún orí ọmú náà mọ́ fóònù kíákíá. Bó bá yọ yíká, ọmọ gbá a mú dáadáa. Bó bá pẹlẹbẹ tàbí tó ṣe ṣóńṣó sápá kan bí orí ìkunte tuntun, wọ́n á gbé ọmọ kúrò, wọ́n á sì tún un gbé sí i.